Ọwọ́ fún Ọwọ́: Bí A Ṣe Lọ Mú Tọ́ba Wálé láti Gánà

Ẹ fa àpótí yín mọ́ ògiri, níbi tí oòrùn kò ti ní lé yín dìde láàárín ọ̀rọ̀. Ẹni tó bá gbé ìkòkò kaná, kó lọ sọ̀ ọ́ kalẹ̀ ná. Ìrìn tí mo fẹ́ rò fún yín yìí kì í ṣe èyí tí ènìyàn ń gbọ́ ní ìdúró. Èmi tí mo rìn ín, n kò jókòó dáadáa títí mo fi padà, bóyá n kò sì tíì jókòó títí di òní.

Ní ọdún tó tẹ̀lé èyí tí àwọn ará Gánà gba ìlú wọn lọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì, ojú ìyàwó mi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú. Kò dùn ún, kò pọ́n. Ó kàn ń ti ẹ̀gbẹ́ wọlé díẹ̀díẹ̀, bí ẹni pé ẹnìkan rọra ń ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn. A gbé e lọ sọ́dọ̀ oníṣègùn òyìnbó. Wọ́n ní ẹ̀yìn ẹyinjú ni àrùn náà wà, pé ojú náà ń kú lọ, pé ohun tí àwọn kò mọ̀ ni ọjọ́ tí yóò kú tán.

Ó ń ṣa ẹ̀wà ní ẹ̀yìnkùlé lọ́jọ́ kan, ọwọ́ ló fi ń mọ òkúta nínú rẹ̀. Ó pè mí.

“Bàbá Tọ́ba, èmi kò bẹ ojú pé kó má lọ. Mo kàn bẹ̀ ẹ́ pé kó dúró de Tọ́ba.”

Tọ́ba ni àkọ́bí wa. Ó ti tẹ̀lé àwọn ọmọ Ìsánlú tó ń ta aṣọ lọ sí Gánà láti ìgbà tí irùngbọ̀n kò tíì hù ní àgbọ̀n rẹ̀. Kò sí ìjà láàárín wa. Gánà ló gbé e mì, bó ṣe gbé ọ̀pọ̀ ọmọ ilẹ̀ wa mì. Ohun tí a gbọ́ kẹ́yìn ni pé ó ti fi aṣọ títà sílẹ̀, pé ó ń bá àwọn òyìnbó kan tó ń wa omi nínú ilẹ̀ ṣiṣẹ́. Ìyá rẹ̀ fẹ́ rí ojú rẹ̀ kí ojú tirẹ̀ tó tì. Ọ̀rọ̀ náà kò ju bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà ni àtẹ́lẹsẹ̀ ti ń yún mi.

Jíbírí ní òun yóò bá mi lọ. Àbúrò ìyàwó mi ni, ọmọ ìyá kan náà. Mùsùlùmí ni, èmi ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ní ìdílé wa, ìyẹn kò dí wa lọ́wọ́ láti jọ jẹ iyán. Ìyàwó rẹ̀ ti kú, kò bímọ fún un. Ohun tó ní ni oko kọfí kan ní ọ̀nà Ìyàrá àti ẹnu tí kì í sinmi.

“Ẹ ò lè dá rìn, àna mi,” ló wí. “Ìkánjú yín yìí, ẹ ó kọjá Gánà láìmọ̀, wọ́n á máa wá yín ní òdìkejì.”

Kí àkùkọ tó kọ lẹ́ẹ̀kejì ni lọ́rì tó ń kó iṣu lọ sí Ìbàdàn dúró níwájú ilé wa ní Kàbà. Ìyá Tọ́ba gbé àtùpà jáde. Ó gbé e sún mọ́ mi, ó yí orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ bí adìyẹ tó fura sí àṣá, nítorí ẹ̀gbẹ́ ojú kan ṣoṣo ló kù tó fi ń ríran. Ó wò mí dáadáa. Ó wá kọjú sí Jíbírí, ṣùgbọ́n Jíbírí fi ọwọ́ bo iná náà.

“Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má fi ojú ṣòfò lórí mi. Ojú mi yìí lẹ ti ń rí láti ìgbà tí mo ti ń rá. Ẹ tọ́jú èyí tó kù de Tọ́ba.”

Ó rẹ́rìn-ín, ó sọ àtùpà kalẹ̀, ó kí i bí a ṣe ń kíni nílẹ̀ wa. “Okun o, Jíbírí. Kí ẹsẹ̀ yín má kọ.”

Nígbà tí a ń gun lọ́rì ni mo rí i pé ó di ọkọ́ mọ́ ẹrù rẹ̀. Mo bi í bóyá oko la ń lọ. Ó ní ọkùnrin tó bá wọ ìlú àjèjì láìmú ọkọ́ dání, àwọn onílé yóò rò pé jíjẹ ló wá jẹ.

Ìgbà ọyẹ́ ni. Eruku ọ̀nà Ìyàmoyè pupa, ó ń bà lé wa lórí bí osùn, orí àpò iṣu la sì jókòó sí. Ní Òmùò ilẹ̀ mọ́. Níbẹ̀ ni ilẹ̀ Àríwá parí tí ti Ìwọ̀ Oòrùn bẹ̀rẹ̀. Igi kan náà ló wà lápá ọ̀hún, èdè wọn kò sì jìnnà sí tiwa, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ tó ń lọ sí ilé ìwé kún ojú ọ̀nà bí eéṣú, ọ̀pọ̀ wọn kò wọ bàtà, gbogbo wọn wọ káákì. Awakọ̀ wa, ọmọ Ìkọ̀lé, ní ọ̀fẹ́ ni ilé ìwé náà.

“Ní tiyín ńkọ́, Bàbá?”

“Ní tiwa, ẹni tó bá rí owó ló ń rán ọmọ.”

“Ẹ̀yin ará Àríwá.”

“Ta ni ará Àríwá?” Jíbírí ti dáhùn kí n tó lanu. “Ilé wa la wà tí Àríwá fi wá bá wa. Àwa kọ́ la lọ kí i.”

Awakọ̀ rẹ́rìn-ín títí a fi dé Adó. Èmi kò rẹ́rìn-ín. Mo ń ṣírò bí ọ̀nà ṣe kù tó, mo sì ń wo ojú ọ̀run. Bí òjò àkọ́kọ́ bá bá wa lọ́nà, ilẹ̀ pupa yẹn yóò di ẹrẹ̀, lọ́rì yóò sì máa rì sínú rẹ̀.

A sùn ní Ìbàdàn, a sùn ní Èkó lọ́dọ̀ ọmọ Kàbà kan ní Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́ta, ẹni tó fi ẹja tútù se ọbẹ̀ fún wa tó sì bẹ̀ wá pé kí a dúró wo ìlú. Jíbírí ì bá dúró. Mo ti di ẹrù kí ó tó jẹun tán. Lọ́rì Akra gba lé ní pọ́n-ùn kan lọ́wọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan, ó sì dúró de èrò títí tí mo fi sọ̀ kalẹ̀ tí mo ń rìn yí i ká.

“Bàbá,” ni Ràímì wí, awakọ̀ náà, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tó ti gbé Gánà pẹ́, “bí ẹ bá ń yí i ká báyìí, ẹ ó ti rìn dé Akra kí n tó ṣíná sí i.”

Ní Ìdí Ìrókò, àwọn kọ́sítọ́ọ̀mù tú ẹrù gbogbo wa. Wọ́n gbé ọkọ́ Jíbírí sókè, wọ́n wò ó, wọ́n dá a padà. Bí a ṣe wọ ilẹ̀ Dàhòmì tí Faransé ń jọba lé lórí, Ràímì ṣe ohun kan tó mú kí Jíbírí di pákó mọ́tò mú: ó kúrò lápá òsì ọ̀nà, ó bọ́ sápá ọ̀tún, ó sì ń bá a lọ.

“Ó ti sùn lọ,” ni Jíbírí wí sí mi létí.

Kò sùn. Ọ̀tún ni àwọn Faransé ń gbà, òsì ni Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà tí a bá dé Gánà, yóò tún padà sí òsì. Mo bi Ràímì ìdí rẹ̀. Ó ní, “Ẹni tó bá gba ìlú, òun ló ń yan ẹ̀gbẹ́ tí wọ́n ń gbà.” Ní Àjàṣẹ́, Yorùbá ni wọ́n fi ta búrẹ́dì fún wa, búrẹ́dì gígùn tó le bí ọmọ odó. Ní Lomé, obìnrin kan tó ń ta ẹja ní “woezọ” fún wa. Ẹ kú àbọ̀ ni. Òkun wà lápá òsì wa láti àárọ̀, ó ń bì, ó ń padà, òun náà kò rí ibi jókòó sí. Ó bá mi lára mu.

A kọjá sí Gánà ní Aflao. Àsíá tuntun wọn ní ìràwọ̀ dúdú láàárín, ó sì mọ́ tónítóní, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé e sókè. Níbi tí ọ̀nà wa ti kan odò Fọ́ltà, kò sí afárá. Ọkọ̀ pẹlẹbẹ kan ló ń gbé mọ́tò sọdá. Lọ́rì mẹ́ta ti wà níwájú wa, àpò ló kún inú wọn, wọ́n sì ya ọwọ́ méjì tó bọ ara wọn sára àpò kọ̀ọ̀kan. Ràímì ní wàrà gbígbẹ ni, láti òkè òkun, ọ̀fẹ́, nítorí pé Gánà ti gba òmìnira.

Jíbírí tẹjú mọ́ àwòrán náà. “Ṣé kíkí ni wọ́n ń kí ara wọn, àbí ẹnìkan fẹ́ fa ẹnìkejì lọ?”

“Òmìnira dà bí ìkómọ, Bàbá,” ni Ràímì wí. “Gbogbo ayé ló ń gbé nǹkan wá. Ẹ jẹ́ kí àlejò lọ tán ná, ká tó mọ ẹni tó máa tọ́ ọmọ.”

Mo rántí pé tiwa náà ń bọ̀ láìpẹ́. Ní Kàbà, wọn kò sọ̀rọ̀ mìíràn mọ́. Mo wo àwọn àpò náà, mo bi ara mi ẹni tí yóò gbé tiwa wá, àti ohun tí yóò bèèrè. Ṣùgbọ́n àwọn lọ́rì wàrà ló kọ́kọ́ sọdá. Lọ́kàn mi, mo rí ilẹ̀kùn kan tó ń tì.

Ní Akra, Aláàtà ni wọ́n ń pe Yorùbá. Ìyá aláṣọ kan, ọmọ Ìsánlú, fi kọ̀mì bọ́ wa. Kọ̀mì dà bí ẹ̀kọ wa tó kan tó sì le, tí wọ́n fi háhá àgbàdo wé, wọ́n ń fi ata dúdú àti ẹja jẹ ẹ́. Jíbírí jẹ mẹ́ta. Obìnrin náà mọ ibi tí Tọ́ba wà. Ó wá ọkọ̀ fún wa lọ sí abúlé kan lórí pápá gbígbẹ lẹ́yìn ìlú, níbi tí igi ti kúrú tí ilẹ̀ sì ti là bí ẹsẹ̀ àgbà.

Tọ́ba ni a kọ́kọ́ rí. Ó dúró lẹ́bàá ẹ̀rọ gíga kan tó ń gbọ̀n, ọ̀rá dúdú ti dé ìgúnwọ́ rẹ̀. Ó wò wá, ó tún wò wá, ó wá dọ̀bálẹ̀ sórí ilẹ̀ gbígbóná yẹn pẹ̀lú ọ̀rá náà.

“Bàbá. Ta ló kú?”

“Kò sẹ́ni tó kú,” ni Jíbírí wí. “Dìde, o ti tẹ́ ara rẹ sórí òkò.”

Mo sọ ti ojú ìyá rẹ̀ fún un. Ó ní òun yóò lọ, ṣùgbọ́n òun kò lè lọ lónìí. Ihò náà ti jìn, omi fẹ́rẹ̀ẹ́ dé. Bí omi bá dé, wọn yóò ri páìpù láti ibẹ̀ dé ọjà abúlé. Òun nìkan ló gbọ́ èdè òyìnbó náà tó tún gbọ́ ti abúlé. Òun náà ló ń so páìpù. Bí òun bá lọ, iṣẹ́ dúró, àwọn obìnrin abúlé yóò sì tún máa rìn lọ sí kòtò ẹlẹ́rẹ̀ tí màlúù ń mu.

Òyìnbó Olómi ni wọ́n ń pe ọ̀gá wọn. Kì í ṣe Gẹ̀ẹ́sì. Ó wá láti ìlú kékeré kan tí òtútù ti ń sọ odò di òkúta, ìjọba rẹ̀ ló rán an kó wá fún Gánà lómi. Ó ga, irun rẹ̀ funfun bí òwú, oòrùn ti bó imú rẹ̀. Ó bọ̀ wá lọ́wọ́. Tọ́ba bẹ̀ ẹ́, ó gbọ́, ó mi orí: tí páìpù bá dé ọjà, kí ó máa lọ.

A bẹ̀rẹ̀ sí í dúró. Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ mí, ẹ mọ̀ pé n kò mọ ìdúró. Ẹ̀rọ ń gbọ̀n láti òwúrọ̀, àwọn ọkùnrin abúlé jókòó sábẹ́ igi, wọ́n ń wò ó bí ẹni ń wo eégún. Ìyẹn ló yà mí lẹ́nu jù ní gbogbo ìrìn náà. Ní Kàbà, bí ẹnìkan bá wá síbi iṣẹ́ rẹ, ìwọ náà yóò mú ọkọ́, lọ́jọ́ mìíràn ìwọ náà yóò sì lọ sí oko tirẹ̀. Àáró nìyẹn, ọwọ́ fún ọwọ́. Mo ní kí Tọ́ba bi baálẹ̀ wọn, ẹni tí wọ́n ń pè ní Nene, ìdí tí wọ́n fi jókòó.

Nene ní, “Wọ́n ní ká má súnmọ́ ẹ̀rọ. Láti ọjọ́ tí a ti gba òmìnira, àwọn kan wá fún wa ní wàrà, inú ń run wá. Àwọn kan wá bi wá ní ìbéèrè, wọ́n lọ. Àwọn yìí wá gbẹ́lẹ̀. Kò sí èyí tó ní ká ṣe nǹkan kan nínú wọn.”

Nígbà tí wọ́n ń jẹun, Jíbírí ní kí Tọ́ba bi òyìnbó náà ibi tí oko rẹ̀ wà.

Òyìnbó rẹ́rìn-ín. Ó ní òun kò ní oko. Ó ní bàbá òun ní, ogun gba orí oko náà kọjá, ebi sì pa wọ́n títí tí àwọn kan tí òun kò mọ̀ láti òkè òkun fi kó oúnjẹ àti irúgbìn ránṣẹ́ sí wọn. Òun kò rí ojú wọn rí. Nítorí náà lòun fi wá síbí.

“Nítorí náà, ó jẹ àáró níbì kan, ó wá ń san án níbòmíràn,” ni mo wí. “Èyí kò yé mi.”

“Èmi, ó yé mi,” ni Jíbírí wí. “Ọkùnrin tó dàgbà tó báyìí kò lóko? Ojú ló ń tì í láti bẹ̀ wá.”

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, omi tú jáde. Ẹrẹ̀ funfun ló kọ́kọ́ wá, lẹ́yìn náà omi tó mọ́. Àwọn obìnrin wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú aṣọ lọ́rùn, Nene bu díẹ̀ tọ́ wò, ó fọwọ́ nu ẹnu, ó sì bojú wẹ̀yìn kí a má bàa rí omijé rẹ̀. Tọ́ba rẹ́rìn-ín sí mi láti orí ẹ̀rọ. Mo rò pé ó ti parí.

Ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, òyìnbó àti Tọ́ba gbé lọ́rì lọ sí Akra láti lọ kó páìpù. Èmi àti Jíbírí ń rìn kiri. Láti ibi ihò omi náà dé ẹ̀yìn ọjà, wọ́n ti ṣán igbó tó gùn tó sì tọ́ gbọọrọ, wọ́n sì ti ri èèkàn mọ́lẹ̀ níbẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú àkísà pupa lórí.

Ní tiwa, bí a bá fẹ́ ṣe àáró, a ó fi igi wọn ilẹ̀, a ó ri èèkàn mọ́ orí ìpín ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá kọ ebè tirẹ̀ tán yóò fa èèkàn rẹ̀ tu, yóò jù ú sí ìdí igi, kí olóko lè rí i pé kò sí ìpín tó kù. Ilẹ̀ tí wọ́n ṣán ní ìparí ẹ̀ẹ̀rùn, tí èèkàn wà lórí rẹ̀: kí ni ẹ̀yin ì bá pè é?

“Oko rẹ̀ nìyí,” ni Jíbírí wí. “Wọ́n ti pín in fún àwọn ọkùnrin abúlé, wọ́n sì jókòó sábẹ́ igi. Àna mi, bí a bá bá a kọ ọ́, ṣé yóò tún lè di Tọ́ba mú?”

Mo yá ọkọ́. Ilẹ̀ náà le, ṣùgbọ́n ara mi wá ìsinmi tirẹ̀, iṣẹ́ sì ni ìsinmi ara mi. Nígbà tí àwọn ọ̀dọ́kùnrin abúlé rí wa, wọ́n rò pé òyìnbó ló ní kí a ṣe é, wọ́n lọ mú ọkọ́. Inú wọn dùn. Ẹnìkan ti ní kí wọ́n ṣe nǹkan níkẹyìn. Jíbírí ń kọrin Òwé, èdè Kàbà wa, fún wọn, wọ́n ń gbè é láìgbọ́ ọ. Kí oòrùn tó yẹ àtàrí, gbogbo ilẹ̀ gbọọrọ náà ti di ebè, èèkàn rẹ̀ sì ti di òkìtì kan ní ìdí igi.

Lọ́rì dé. Òyìnbó Olómi sọ̀ kalẹ̀. Kò pariwo. Ó rìn dé ebè àkọ́kọ́, ó ṣí fìlà, ó jókòó lé e, ó sì sọ nǹkan kan.

“Kí ló wí?” ni mo bi Tọ́ba.

“Bàbá, ẹ jẹ́ kó wà lẹ́nu rẹ̀.”

Èèkàn páìpù ni. Ọkùnrin tó ń fi awò wọn ilẹ̀ ló rì í, ó ti lọ sí ẹ̀bá ìlú mìíràn, kò sì ní padà títí oṣù yóò fi lé. Páìpù kò lè lọ láìsí i, Tọ́ba kò sì lè lọ láìsí páìpù.

Mo bọ́ sẹ́yìn ahéré, n kò lè dúró, n kò lè jókòó. Lẹ́yìn èmi ni Jíbírí dé. Kò ṣe yẹ̀yẹ́ fún ìgbà àkọ́kọ́ láti Kàbà.

“Ẹni tó bá fẹ́ yọ ọwọ́ nínú àáró,” ló wí, “kí ló ń ṣe?”

Mo mọ ohun tó fẹ́ sọ. “Ó ń fi ọwọ́ mìíràn dípò.”

“Ẹ jẹ́ kí a lọ bá a.”

Tọ́ba kọ́kọ́ kọ̀ láti gbé ọ̀rọ̀ náà dé ọ̀dọ̀ òyìnbó. Mo ní kí ó sọ ọ́ bí a ṣe wí i. Òyìnbó ní kí ni bàbá yìí mọ̀ nípa páìpù.

“N kò mọ̀ ọ́n,” ni Jíbírí wí. “Ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n bá ní kí n dì mú, n ó dì í mú. Èmi ni mo fa èèkàn tó pọ̀ jù. Ọmọ yìí ní ìyá, ìyá náà ní ojú díẹ̀ tó kù. Kó lọ, kó padà wá bá mi níbí. Kò sẹ́ni tó ń dúró dè mí nílé bí kò ṣe kọfí.”

Òyìnbó wò ó pẹ́. Ó bi Tọ́ba léèrè ohun kan, Tọ́ba dáhùn. Ó dìde lórí ebè, ó na ọwọ́ sí Jíbírí. Bí wọ́n ṣe bọ ọwọ́ náà, ó rí gẹ́lẹ́ bí ti ara àpò wàrà, mo sì rántí ìbéèrè tí Jíbírí bi ní etí odò.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, Jíbírí sìn wá dé ojú ọ̀nà. “Ẹ sọ fún ẹ̀gbọ́n mi,” ló wí, “kó má lo ojú rẹ̀ tán lórí Tọ́ba. Kó ṣẹ́ díẹ̀ kù fún mi.”

Bíbọ̀ yára ju lílọ lọ, n kò sì rí nǹkan kan tí mo lè sọ nípa rẹ̀. Tọ́ba ń sọ̀rọ̀, mo ń wo ìkùukùu. Òjò àkọ́kọ́ bá wa ní Òmùò, lọ́rì rì, a fẹsẹ̀ rìn nínú ẹrẹ̀ dé Ìyàmoyè, a rí mọ́tò mìíràn. Ọ̀sán gangan ni a wọ Kàbà, oòrùn ti yọ padà.

Ìyàwó mi wà níwájú ilé lórí ẹní. Ó gbọ́ ẹsẹ̀ wa. Ó na ọwọ́ sókè pé ká má sọ̀rọ̀.

“Kó dúró sínú oòrùn.”

Tọ́ba dúró. Ìyá rẹ̀ yí orí sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó wò ó láti orí dé ẹsẹ̀, ó ní kó yí padà, ó tún wò ó.

“O ti hu irùngbọ̀n,” ló wí. “Orí rẹ kò tíì yí padà.” Ó fi etí aṣọ nu ojú, ó ń wò ó síbẹ̀. Lẹ́yìn náà ló kọjú sí mi. “Jíbírí ńkọ́? N kò gbọ́ ẹnu rẹ̀.”

Mo sọ fún un. Kò bínú. Ó jókòó, ó ń fọwọ́ tẹ́ ẹní tó ti tẹ́ tẹ́lẹ̀.

“Òun ló ní kí n má wo òun,” ló wí.

Ó dára, ẹ jẹ́ kí n sọ bí gbogbo rẹ̀ ṣe pín fún yín, kí ẹ tó dìde.

Tọ́ba fẹ́ padà. Ṣùgbọ́n igbó ti fẹ́ bo kọfí Jíbírí, ó ní òun yóò ro ó tán ná. Kí ó tó ro ó tán, ojú ìyá rẹ̀ tì pátápátá, ta ni yóò fi í sílẹ̀? Oko náà di tirẹ̀. Àwọn obìnrin abúlé yẹn ti gbin ẹ̀gẹ́ sórí ebè wa kí ọkùnrin tó ń wọn ilẹ̀ tó padà dé, wọn kò sì gbà kí ẹnikẹ́ni tú u, nítorí náà páìpù gba ẹ̀gbẹ́ kọjá. Àwọn ló jogún ebè. Nígbà tí ọdún àwọn òyìnbó pé, wọ́n kó ẹ̀rọ wọn lọ. Òyìnbó Olómi mú ọkọ́ Jíbírí lọ sí ìlú olótùútù rẹ̀, ó sì fi kọ́kọ́rọ́ irin tí wọ́n fi ń tú páìpù lé Jíbírí lọ́wọ́, nítorí pé òun nìkan ló kù tó mọ ohun tí wọ́n ń dì mú. Jíbírí fẹ́ ìyàwó níbẹ̀. Nígbà tí Gánà lé àwọn ènìyàn wa jáde lẹ́yìn ọdún pípẹ́, tí wọ́n ń gbẹ́rù wálé láti ọ̀nà jíjìn, a dúró dè é ní Kàbà. Ọmọ Ìsánlú kan ló mú ìròyìn wá: nígbà tí wọ́n dé abúlé náà láti wá àjèjì, Nene ní kò sí àjèjì níbẹ̀, pé ẹni tí wọ́n ń wò yẹn, olómi àwọn ni. Ibẹ̀ ló kú sí. Àáró yẹn, a kò tíì san án.

Ìyàwó mi kò tún rí àbúrò rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbàkígbà tí mọ́tò bá dúró níwájú ilé, ojú tó ti kú yẹn, yóò yí i sẹ́gbẹ̀ẹ́ bí adìyẹ, yóò dúró díẹ̀, yóò wá padà sẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀. Ó ṣe é títí tí ọlọ́jọ́ fi dé.

Èyí tí èmi jogún nìyẹn. Ẹ gbọ́ lọ́rì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dúró yẹn? Ẹ wo orí mi, òun náà ti yí sẹ́gbẹ̀ẹ́.